Ẹyin Lohùn: Ta Ló Ń Sọ̀rọ̀ Lórí Àwòrán Wa?

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọjọ́ pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé. Ohùn tó bá ti ẹnu jáde ti lọ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó lè sáré lé e kó mú un padà. Lónìí ńkọ́? Ẹnikẹ́ni tó bá ní fóònù lè tẹ bọ́tìnì pupa kan, kó sọ̀rọ̀ lórí fídíò tó ti yà, kó gbọ́ ọ, kó ní "èyí ò dùn", kó pa á rẹ́, kó tún un sọ. Ẹyin fọ́, a kó o nílẹ̀, a tún un ṣe, aráyé ò sì mọ̀ pé ó fọ́ rí.

Ó rọrùn láti rò pé nǹkan kékeré ni. Nínú áàpù tí a fi ń gé fídíò, iṣẹ́ ohùn kì í ju bọ́tìnì mẹ́rin-márùn-ún lọ: ọ̀kan fún gbígba ohùn sílẹ̀, ọ̀kan fún gígé e, ọ̀kan fún gbígbé e sókè tàbí rírẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ọ̀kan fún lílé ariwo. Ṣùgbọ́n bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan ló ní ìtàn tirẹ̀, tí a bá sì tọ ìtàn náà dé ìdí, ìbéèrè kan ṣoṣo la máa bá níbẹ̀: tí àwòrán bá jẹ́ tèmi, tí ohùn orí rẹ̀ bá jẹ́ tìrẹ, ta ló ni ọ̀rọ̀? Nílẹ̀ Áfíríkà, ìbéèrè yìí kì í ṣe eré ọmọdé.

Nígbà tí àwòrán yadi

Ohùn ló kọ́kọ́ ṣeé gbà sílẹ̀. Ní 1877, Thomas Edison ní Amẹ́ríkà ṣe ẹ̀rọ kan tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń kọ ìró ohùn sára páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi bébà. Tí wọ́n bá tún ẹ̀rọ náà yí, ohùn á padà jáde. Àwòrán tó ń rìn dé lẹ́yìn ìyẹn. Ní oṣù Kejìlá 1895, àwọn Lumière, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi tiwọn han èrò ní Paris, wọ́n sì gbowó ìwòran. Ẹ wo bó ṣe rí: ẹ̀rọ kan gba ohùn láìsí ojú, èkejì gba ojú láìsí ohùn. Bẹ́ẹ̀ Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà.

Èkó ò gbẹ́yìn nínú ọ̀ràn náà. Ní oṣù Kẹjọ 1903 ni sinimá kọ́kọ́ dé Glover Memorial Hall, àwòrán tó yadi ni. Ní 1922, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti lọ sí London, wọ́n sì kọ orin ìsìn 43 ní èdè Yorùbá fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Ẹni tó bá gbé àwo náà sórí giramafóònù á gbọ́ ohùn Àlùfáà, kò ní rí ojú wọn.

Kò sí ibi tí èèyàn ti gbádùn àwòrán tó yadi títí. Ní Japan, ẹnì kan tí wọ́n ń pè ní benshi máa ń dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ funfun tí sinimá ń hàn lójú rẹ̀. Á máa sọ ìtàn náà bó ṣe ń lọ, á fọ ohùn ọkùnrin, á fọ ohùn obìnrin, á bá ẹni tó ń sunkún sunkún. Àwọn kan nínú wọn lókìkí ju òṣèré inú fíìmù lọ. Fíìmù kan náà, tí benshi méjì bá sọ ọ́, ó lè di ìtàn méjì. Ohun tí à ń wí gan-an nìyẹn: àwòrán ò yí padà, ohùn ló yí i padà.

Lẹ́yìn tí The Jazz Singer jáde ní Amẹ́ríkà ní 1927, ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú fíìmù fúnra rẹ̀. Kò pẹ́ tí irú ohùn kan fi gbilẹ̀ nínú fíìmù ìròyìn: ohùn ọkùnrin kan tí a kì í rí, tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mọ ohun gbogbo. Àwọn onímọ̀ fíìmù fún un lórúkọ, wọ́n ní "ohùn Ọlọ́run" ni.

Ọkọ̀ sinimá dé abúlé

Irú ohùn bẹ́ẹ̀ ló dé ọ̀dọ̀ tiwa náà. Láàrin 1924 sí 1930, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri jà l'Ékòó. Òyìnbó kan tó ń ṣiṣẹ́ ìlera níbẹ̀, William Sellers, bẹ̀rẹ̀ sí í fi fíìmù kọ́ ará ìlú bí wọ́n ṣe máa gbógun ti eku. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá Colonial Film Unit sílẹ̀ ní 1939, Sellers yìí náà ni wọ́n fi ṣe olórí iṣẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ tó gbé ẹ̀rọ sinimá, jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jáde á wọ abúlé lálẹ́, wọ́n á ta aṣọ funfun, èrò á pé.

Púpọ̀ nínú fíìmù wọ̀nyí ni kò ní ohùn nínú. Ọmọ ilẹ̀ wa kan ló máa ń di máìkì mú, tó sì ń fi èdè àwọn ará ibẹ̀ ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń wò. Ọ́fíìsì ti kọ ohun tó yẹ kó sọ fún un. Èrò ọkàn ìjọba ni, ẹnu tiwa ló gbà jáde. Síbẹ̀, ẹ rò ó wò. Òkùnkùn ti ṣú, ọ́fíìsì jìnnà, ọ̀gá ò gbọ́ èdè. Ta ló máa mọ̀ bí onímáìkì bá fi òwe kún un, tàbí bó bá dá àpárá sí i? Ìdí nìyẹn tí àwọn aláṣẹ ò fi fojú kékeré wo iṣẹ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí fíìmù. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó di máìkì mú ló di ìtumọ̀ mú.

Ìjọba Faransé ní tiwọn ò fi ọ̀rọ̀ náà síbi kan. Ní 1934 wọ́n ṣe òfin tí gbogbo ayé mọ̀ sí Òfin Laval: ẹni tó bá fẹ́ ya fíìmù ní àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tó wà lábẹ́ wọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ. Kì í ṣe àwòrán nìkan ni òfin náà dè. Ó de gbígba ohùn sílẹ̀ pẹ̀lú.

Òfin yìí kan ọmọ Àjàṣẹ́ kan, ìyẹn Porto-Novo. Paulin Soumanou Vieyra ni, wọ́n bí i níbẹ̀ ní 1925. Ó kẹ́kọ̀ọ́ fíìmù ní Paris, àmọ́ nígbà tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ ya tiwọn, wọn ò ráyè yà á nílẹ̀ Áfíríkà. Ní Paris níbẹ̀ náà ni wọ́n ti ya Afrique-sur-Seine ní 1955, nípa àwọn ọ̀dọ́ adúláwọ̀ tó ń gbé ibẹ̀. Ohùn asọ̀tàn ló gbé fíìmù náà. Wọn ò jẹ́ kí wọ́n ya ilé wọn, ṣùgbọ́n ọmọ Áfíríkà ló sọ̀rọ̀ lórí àwòrán ọmọ Áfíríkà.

Téèpù àti abẹ

Kí ohùn tó lè kúrò lọ́wọ́ ìjọba àti àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá, ẹ̀rọ ní láti fúyẹ́. Ará Jámánì kan, Fritz Pfleumer, ló ronú lọ́dún 1928 pé a lè fi lúbúlúbú irin kun bébà tẹ́ẹ́rẹ́, kí ohùn máa wọ ara irin náà. Ilé iṣẹ́ AEG gbé ẹ̀rọ Magnetophon jáde láti inú èrò yẹn ní 1935. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, sójà Amẹ́ríkà kan, Jack Mullin, kó méjì nínú ẹ̀rọ náà wálé. Ní 1947, olórin Bing Crosby bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún ètò rẹ̀ lórí rédíò, torí ó ti sú u kó máa ṣe ètò kan náà lẹ́ẹ̀mejì lójú ẹsẹ̀ nítorí aago ìlà oòrùn àti ti ìwọ̀ oòrùn orílẹ̀-èdè náà.

Ohun tó yí ayé padà nínú téèpù ni pé ó ṣeé gé. Òṣìṣẹ́ á fi ọwọ́ yí i síwá sẹ́yìn títí á fi gbọ́ ibi tí àṣìsọ wà, á fi abẹ gé e ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, á fi sẹ́lótéèpù lẹ orí méjèèjì pọ̀. Tó bá gé e jù, ó bùṣe. Ẹ̀yin tó ń lo Adobe Premiere, ẹ wo irinṣẹ́ tí ẹ fi ń gé fídíò: àwòrán abẹ ni. Abẹ àwọn oníṣẹ́ téèpù nìyẹn.

Ní 1951, Stefan Kudelski, ọmọ Poland tó ń gbé ní Switzerland, ṣe ẹ̀rọ téèpù tó ṣeé gbé kọ́ èjìká. Ó pè é ní Nagra, tó túmọ̀ sí "yóò gba ohùn sílẹ̀" ní èdè abínibí rẹ̀. Wàyí o, ohùn lè jáde kúrò nínú ilé.

Ẹni tí a yà, tó wá sọ̀rọ̀

Jean Rouch, ọmọ Faransé, lo àǹfààní téèpù lọ́nà tó yàtọ̀. Ó ya àwọn ọ̀dọ́kùnrin láti Niger tó ń wáṣẹ́ kiri ní Treichville, ní Abidjan. Kámẹ́rà rẹ̀ kò gba ohùn. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí i, kì í sì í lè yà ju bí ìṣẹ́jú àáyá 25 lọ lẹ́ẹ̀kan kó tó dúró. Nígbà tó yà á tán, ó fi àwòrán náà han Oumarou Ganda, ọ̀kan lára àwọn tó yà, ó ní kó máa sọ ohun tó bá wá sí i lọ́kàn bó ṣe ń wo ara rẹ̀. Ganda sọ̀rọ̀. Ó sọ nípa ebi, nípa iṣẹ́ èbúté, nípa ogun Indochina tó ti jà rí fún Faransé. Moi, un noir ni fíìmù náà, 1958.

Ohun tí à ń fi áàpù ṣe lónìí gan-an ni Ganda ṣe: ó wo àwòrán, ó fi ohùn sí i. Àmọ́ Rouch ló ṣì ni abẹ. Òun ló pinnu ohun tó kù àti ohun tó dànù. Ousmane Sembène ọmọ Senegal ò gbà fún un. Ní 1965, ó sọ fún Rouch lójúkojú pé ṣe ni àwọn bíi tirẹ̀ ń wo ọmọ Áfíríkà bí ẹni ń wo kòkòrò. Ganda ní tirẹ̀ ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó ya fíìmù tirẹ̀, Cabascabo, nípa sójà tó ti Indochina dé. Ní 1972, fíìmù rẹ̀ mìíràn, Le Wazzou polygame, ló gba ẹ̀bùn tó ga jù ní FESPACO ní Ouagadougou, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fi ẹ̀bùn náà tọrẹ.

Sembène náà wá bá ìbéèrè ohùn pàdé nínú iṣẹ́ tirẹ̀. La Noire de..., 1966, jẹ́ ìtàn Diouana, ọmọbìnrin Dakar tó bá òyìnbó lọ sí Antibes láti máa tọ́ ọmọ, tí wọ́n sì sọ ọ́ di ìránṣẹ́bìnrin. Mbissine Thérèse Diop ló ṣe Diouana. Ṣùgbọ́n ohùn tí a ń gbọ́ láti inú ọkàn Diouana, ti Toto Bissainthe ni, olórin àti òṣèré ọmọ Haiti, èdè Faransé ló sì ń sọ. Ọmọbìnrin tí wọ́n pa lẹ́nu mọ́ ní ilé oníbàárà, ẹlòmíì ló tún ń bá a ronú ní èdè tí kì í ṣe tirẹ̀. Fíìmù náà dára gidigidi, ó sì tún dun èèyàn lọ́nà méjì. Nígbà tí Sembène ṣe Mandabi ní 1968, àwọn èèyàn rẹ̀ ń sọ Wolof. Nílé wa náà, Ọlá Balógun ṣe Àjàní Ògún ní 1976, pẹ̀lú Dúró Ládípọ̀ àti Adé Love, ohùn Yorùbá ló sì ń tẹnu wọn jáde.

Abẹ wọ inú kọ̀ǹpútà

Ìyípadà tó tẹ̀ lé e kò ní ariwo púpọ̀. Avid gbé ẹ̀rọ àtúntò fídíò lórí kọ̀ǹpútà jáde ní 1989. Ní 1991, Premiere àti Pro Tools dé. Ní 2000, Audacity jáde, ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni lè gbà á sórí kọ̀ǹpútà. Láti ìgbà yẹn, tí a bá gé ohùn, ojúlówó rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Tí a bá gé e jù, a lè fà á padà. Èyí tó tún yani lẹ́nu ni pé a lè fi ojú rí ohùn. Ẹ wo àwọn òkè àti àfonífojì lórí ìlà yẹn: ibi tó ga ni ibi tí a ti lọgun, ibi tó tẹ́ ni ibi tí a ti mí.

Iṣẹ́ tó jẹ́ ti èèyàn mẹ́rin tẹ́lẹ̀ wá bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan. Ẹni tó ń wo bí ohùn ṣe ga tó: nínú kọ̀ǹpútà, 0 ni àjà ilé. Ohùn tó bá fẹ́ kọjá àjà, orí rẹ̀ á gé, á sì máa ta gbà-gbà. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ohùn wa máa rìn láàrin -12 sí -6, kí àyè wà fún ibi tí a bá ti pariwo. Ẹni tó ń rẹ orin sílẹ̀ nígbà tí asọ̀tàn bá ń sọ̀rọ̀: ìlà kékeré kan tí a fà wálẹ̀ lábẹ́ orin ń ṣe é. Ẹni tó ń gé àṣìsọ. Àti ẹni tó ń lé ariwo: nínú Audacity, a máa ń kọ́kọ́ mú ibi tí jẹnẹrétọ̀ nìkan ti ń dún, kí ẹ̀rọ mọ ojú ọ̀tá, kó tó wá yọ ọ́ kúrò nínú gbogbo ọ̀rọ̀ wa.

Ohùn kì í ṣe ohùn lásán

Àmọ́ ibì kan wà tí ẹ̀rọ yìí ò mọ̀ wá. Nínú èdè wa, ọ̀rọ̀ kan náà la fi ń pe ohùn ẹnu àti ohùn orí sílébù: ohùn òkè, ohùn àárín, ohùn ìsàlẹ̀. Tí ẹ bá fọwọ́ kan ohùn Yorùbá, ìtumọ̀ lẹ fọwọ́ kàn.

Ẹ sọ pé "Ó ra ọkọ̀" sínú fóònù. Ohùn ìsàlẹ̀ tó wà ní ìparí yẹn máa ń wálẹ̀, kì í sì í dún jìnnà. Tí ẹ bá fún bọ́tìnì aléariwo lágbára jù, á rò pé ariwo ni, á gé e dànù. Kí lẹni náà wá rà? Ọkọ̀ ni àbí ọkọ́? Bákan náà ni Auto-Tune, tí Andy Hildebrand ṣe jáde ní 1997 lẹ́yìn tó ti fi irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ wíwá epo rọ̀bì nínú ilẹ̀. Orin ni wọ́n ṣe é fún. Ṣe ló ń ti ohùn síbi tó rò pé ó yẹ kó wà. Lórí ọ̀rọ̀ ẹnu Yorùbá, ó lè tẹ́ ibi tó yẹ kó gòkè, kó sì sọ ọ̀rọ̀ gidi di ìdàkudà. Tí a bá gbé gbogbo ohùn sókè tàbí wá sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn ò burú, torí òkè ṣì ga ju ìsàlẹ̀ lọ. Ohun tí etí wa ń wá ni àlàfo tó wà láàrin wọn.

Torí náà, iṣẹ́ tó pọ̀ jù fún asọ̀tàn Yorùbá wà kí a tó tẹ bọ́tìnì kankan. Ẹ wá yàrá tó ní kọ́tìnì àti aṣọ púpọ̀, kí ohùn má máa ta padà lára ògiri. Ẹ fi máìkì sí bí ìbú ọwọ́ kan sẹ́nu, kó yà díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí èémí má máa lù ú. Ẹ pa fáànù. Ohùn tó bá mọ́ láti ilẹ̀, kò ní nílò abẹ púpọ̀.

Ohùn tí kò ní ẹni tó ni ín

Láìpẹ́ yìí, bọ́tìnì tuntun tún dé: ẹ tẹ ọ̀rọ̀ sí i, ẹ̀rọ á bá yín kà á. Ó rọrùn, ó sì ń wu ẹni tó ń tijú ohùn ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn yẹn kò já bọ́ láti ọ̀run. Ní 2021, Bev Standing, obìnrin ará Canada tó ń fi ohùn ṣiṣẹ́ jẹ, pe TikTok lẹ́jọ́. Ó ní ohùn òun ni wọ́n ń lò nínú áàpù náà láìgba àṣẹ òun. Wọ́n parí ẹjọ́ náà láàrin ara wọn lọ́dún yẹn kan náà. Kò mú fíìmù kankan, kò wo àwòrán kankan, síbẹ̀ ohùn rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lórí fídíò àìmọye èèyàn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ṣe fídíò nípa oúnjẹ wa, nípa ìlú yín, nípa ìyá àgbà yín, ìgbà kan wà tó jẹ́ pé òfin ló ń dí ẹnu ẹni tó fẹ́ ṣe ohun tí ẹ ń ṣe yìí. Ìgbà kan wà tí ọmọ ilẹ̀ wa di máìkì mú, tó ń ka ohun tí ọ́fíìsì kọ. Lónìí, kò sí òfin, ọ́fíìsì ò sí lẹ́yìn yín, abẹ àti máìkì wà nínú àpò ṣòkòtò yín. Tí ẹ bá wá gbé àwòrán ilé yín lé ohùn ẹ̀rọ tí kò mọ ọkọ̀ yàtọ̀ sí ọkọ́ lọ́wọ́, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín fún un.

Ẹ fi ohùn yín sí i. Bó bá há, ẹ mu omi, kẹ́ ẹ tún un sọ. Bó bá ní ẹ̀ka Ìjẹ̀bú tàbí ti Èkìtì nínú, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ariwo tó yẹ ká lé kúrò.